Ogún ìṣẹ́jú eré ìdárayá láràárọ̀, ọmọ 64, bọ́ọ̀lù kan: ẹ gbà mí o

Tísà Kíláàsì Kẹta (Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ní Ìbàdàn. Pírámárì kẹta ni mò ń kọ́, ọmọ 64 ló sì wà nínú kíláàsì mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí ni ọ̀gá wa ti ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan máa kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lẹ́yìn àsẹ́ńbílì fún ogún ìṣẹ́jú eré ìdárayá, lójoojúmọ́. Tísà P.E. kan ṣoṣo tí a ní ti fẹ̀yìn tì, wọn ò tíì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Kí n má purọ́, n ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo máa ń ní kí wọ́n sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n na apá na ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà màá ju bọ́ọ̀lù kan tí a ní sí wọn. Àwọn ọmọkùnrin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á ya bo bọ́ọ̀lù náà, ìyókù á lọ dúró sábẹ́ máńgòrò. Àwọn ọmọbìnrin ní pínáfọ̀ ò jẹ́ káwọn lè sáré. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan ṣubú gbì níbi tí wọ́n ti ń sáré yípo. Àyà mi já. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ ló ń sọ fún mi pé láti ọ̀sán àná lòun ti jẹun kẹ́yìn.

Kí ni mo lè ṣe tí gbogbo wọn á fi kópa, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní fara pa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ra nǹkan. Ẹ mọ owó oṣù wa.

Ìyá Ìbejì Agége (8:31 alẹ́)

Kí wọ́n máa jó. Ẹ fi orin sí fóònù, kí gbogbo wọn jó fún ogún ìṣẹ́jú. Ó parí.

Bàbá Fèrè (9:02 alẹ́)

Ìyá Ìbejì, kò tíì parí o. Fóònù wo ni ọmọ 64 á máa gbọ́ ní gbangba pápá?

Tísà, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ P.E. ní agbègbè Ìjẹ̀bú kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo rí nínú àlàyé yín ni pé àwọn ọmọ yẹn ò tíì mọ fèrè. Ẹ má tíì kọ́ wọn ní eré kankan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kí ẹ fi kọ́ wọn ní fèrè: ó dún lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró gbagidi, ó dún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ padà sí ààyè yín. Òun gan-an ti tó eré. Wọ́n á máa rìn, wọ́n á máa sáré, wọ́n á máa ta kán-ín kán-ín, fèrè á dún, gbogbo wọn á gan. Ẹni tó ní ọmọ 64 lórí pápá tí kò ní fèrè, ọjà ló ń ná.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pín wọn sí mẹ́rin. Ṣebí ilé mẹ́rin lẹ ní fún ìdíje ọdọọdún, pupa, búlúù, yẹ́lò, gíríìnì? Ọmọ 16 nínú ilé kan. Igun mẹ́rin sì ni pápá ní. Okùn fífò ní igun kan, sùwè ní ìkejì, eré ìje tí wọ́n ń fi igi lé ara wọn lọ́wọ́ ní ìkẹta, bọ́ọ̀lù yín ní ìkẹrin. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ní igun kọ̀ọ̀kan, fèrè á dún, wọ́n á sún síwájú. Ní ti okùn, ẹ má wá okùn kéékèèké 16. Okùn tí wọ́n fi ń fa omi kànga tó ti gbó ni kí ẹ wá, ẹni méjì á máa jù ú, ìyókù á máa sáré wọ inú rẹ̀, wọ́n á fò ó lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á bọ́ síta.

Ẹ má sì ní kí wọ́n na ara nígbà tí ara ṣì tutù. Kí wọ́n kọ́kọ́ yára rìn, kí wọ́n rọra sáré, kí wọ́n máa ju apá ju ẹsẹ̀, kí ara gbóná. Ìnara adúró-sójú-kan, ìparí ló wà fún.

Kò gbọ́dọ̀ sí omi mímu títí eré á fi parí, kí omi má baà gún wọn nínú. Ẹni tó bá pẹ́ dé tàbí tó ń sá fún eré, kó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, ara wa sì le.

Tísà Orí Àjà (9:40 alẹ́)

Bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ fèrè yẹn, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn díẹ̀ lórí ọ̀pọ̀lọ́ fífò.

Nígbà tí mo wà ní pírámárì, ìgbà tí mo bá ṣẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ní kí n ṣe ohun tó gba agbára. Mo pẹ́ dé: ọ̀pọ̀lọ́. Mo pariwo: píìkì-píìnì, ìka kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, títí òòyì á fi kọ́ mi. Mo gbàgbé ìwé sílé: sáré yí pápá ká. Mo ti dàgbà báyìí, síbẹ̀ bí ọ̀rẹ́ mi bá ní ká jọ lọ sáré láàárọ̀ Sátidé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí ni mo ṣe? Ọmọ tí a fi fífò jẹ níyà ní Ọjọ́ Ajé, ṣé inú rẹ̀ á dùn sí fífò ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Àwọn olùkọ́ kan tún wà tí wọ́n ń sọ pé “ẹ pariwo, ẹ ò lọ pápá mọ́ lónìí.” Ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ gan-an ni pápá wà fún!

Tísà Kíláàsì Kẹta, ẹ dúpẹ́ pé ẹ ní pápá. Ilé alájà méjì ni ilé-ìwé aládàáni tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni àgbàlá wa. Ẹ̀gbẹ́ àga ni àwọn ọmọ mi ti ń ṣeré. Mo máa ń fi ìṣirò sí i: màá pe “mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà,” wọ́n á fò lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún, wọ́n á máa kà á sókè. Tàbí kí n pe nọ́ńbà kan: bó bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, wọ́n á lóṣòó, bí kò bá ṣeé pín, wọ́n á nàró, wọ́n á fọwọ́ kan òrùlé nínú afẹ́fẹ́. Ọjọ́ kìíní tí a ṣe é, kíláàsì tó wà nísàlẹ̀ wa rán ọmọ sí wa pé erùpẹ̀ ń bọ́ lé àwọn lórí. Láti ìgbà náà, a kì í fò mọ́. Ẹsẹ̀ là ń gbé sókè, orúnkún á dé ìbàdí, kò sì gbọ́dọ̀ dún. “Ẹsẹ̀ ológbò” ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì Tó Ń Kọjá Lọ (10:15 alẹ́)

Bàbá Fèrè, ẹ̀yin lẹ mọ pápá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi yẹn ti di ti àtijọ́. Kí ọmọ mu omi kó tó jáde, kó mu díẹ̀ bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, kó tún mu lẹ́yìn eré. Àmuyó lẹ́ẹ̀kan náà ló ń gún ènìyàn nínú. Ọmọ tí a ní kó sáré nínú oòrùn Ìbàdàn láìmu omi, orí fífọ́ àti òòyì la fẹ́ fún un.

Àwọn ọmọ oníkọ́ ẹ̀fee ńkọ́? Ẹ mọ̀ wọ́n kí ọyẹ́ tó dé, nítorí eruku àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn ló máa ń ta á sí wọn. Kí wọ́n fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ike oògùn búlúù tí wọ́n ń fà sẹ́nu, ọwọ́ olùkọ́ ni kó wà lórí pápá. Mo ti rí ibi tí wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá, tí ọ̀gá sì ti lọ sí mítíìnì. Bí àyà ọmọ bá ń súfèé, kó dáwọ́ dúró, kó jókòó ṣánṣán, kó lo oògùn rẹ̀. Ẹ má dùbúlẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Agége (10:22 alẹ́)

Nọ́ọ̀sì, ẹ ò dárúkọ àwọn ọmọ SS. Tísà, ẹ wá wọn rí, kí wọ́n máa jókòó sí kíláàsì ní tiwọn. Ká má fọwọ́ ara wa fa wàhálà.

Ìyá Àánú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni ìyá ọmọ SS, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Táàmù méjì ni tísà rẹ̀ àtijọ́ fi jókòó rẹ̀ sí kíláàsì tó ń ti ojú fèrèsé wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Tísà náà ò ní i lọ́kàn láti ṣe é níbi, ẹ̀rù ló ń bà á. Ṣùgbọ́n ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ṣé òun máa kú ni, tí wọn ò fi jẹ́ kí òun fò sùwè.

Ohun tí dókítà rẹ̀ sọ fún wa rèé: ó lè ṣeré, ní ìwọ̀n agbára rẹ̀. Bó bá ti sọ pé ó rẹ òun, ó rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má ní kó tún sáré ẹ̀ẹ̀kan sí i. Kó máa mu omi dáadáa. Kí òtútù má mú un: kò gbọ́dọ̀ ṣeré nínú òjò, kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tó rin, kó sì wọ súẹ́tà bí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Eré ìje tí wọ́n á máa pariwo lé e lórí pé “sáré, sáré,” kì í ṣe tirẹ̀. Bí egungun tàbí àyà bá ń dùn ún, tàbí mímí ń nira fún un, kí wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀.

Tísà, ẹ kọ lẹ́tà kékeré sí gbogbo òbí, kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe ọmọ wọn. Ẹ má bi àwọn ọmọ lójú kíláàsì pé “ta ló ní SS níbí?”

Ìyá Ìbejì Agége (6:30 àárọ̀)

Ẹ forí jì mí, Ìyá Àánú. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á wo Àánú fún wa.

Tísà Peckham (1:18 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́ o láti London. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lèmi náà ń kọ́. Ohun tí àwa ń lò níbí ni wọ́n ń pè ní The Daily Mile. Ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Stirling, ní Scotland, Elaine Wyllie, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní February 2012. Ìṣẹ́jú 15 péré: kíláàsì á jáde, oníkálùkù á sáré tàbí kó rìn bó ṣe wù ú, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ lọ. Wọn kì í pààrọ̀ aṣọ, wọn kì í ka ẹni tó ṣáájú. Bí fèrè bá dún, wọ́n á wọlé padà sí ìwé wọn. Ọmọ tó sanra tí kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun, inú eré yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí i kó rẹ́rìn-ín.

Ẹ má jẹ́ kí ogún ìṣẹ́jú yẹn dà bí ohun kékeré lójú yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ fún ìwọ̀n 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, kó sì máa fi ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú iṣan àti egungun le. Ìdá kan nínú mẹ́ta ti bọ́ sí yín lọ́wọ́ nìyẹn, ìsinmi ọ̀sán àti ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi rìn wá sílé-ìwé á fi kún un. Sùwè àti okùn tí Bàbá sọ, egungun gan-an ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá eré tó wọn lára, ẹ ní kí wọ́n kọrin. Ọmọ tó lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí orin ò lè jáde lẹ́nu rẹ̀ dáadáa, ó ń ṣe é bó ṣe yẹ.

Bàbá Fèrè (2:50 ọ̀sán)

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ti omi. Mo bi ọmọ mi tó jẹ́ dókítà, ohun kan náà ló sọ.

Peckham, ọmọ mi, ìmọ̀ràn rẹ dára, àmọ́ kì í ṣe pápá oníkoríko rẹ ni tísà yìí ní. Ìgò fífọ́ ń bẹ níbẹ̀, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ kan, ìkejì ò ní nǹkan kan lẹ́sẹ̀. Tísà, kí wọ́n tó sáré, kí ẹ̀yin fúnra yín rin ilẹ̀ náà já láràárọ̀. Àwọn ọmọ mẹ́rin á bá yín ṣa ìgò àti ìṣó.

Èmi ò sì fara mọ́ “wọn kì í ka ẹni tó ṣáájú.” Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni Tobi Amusan tó sá eré onídènà 100 mítà ní 12.12 ìṣẹ́jú àáyá ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ní 2022, tí gbogbo ayé ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ọmọ tí wọn ò bá jẹ́ kó mọ ìje ní kékeré, ibo ni yóò ti mọ̀ ọ́n?

Olùkọ́ Àgbà Ṣakí (4:33 ìrọ̀lẹ́)

Bàbá, Tobi kan ṣoṣo ni. Tísà yìí ní ọmọ 64. Ẹ jẹ́ kí ìdíje wà ní ọjọ́ ìdíje, níbi tí fífò nínú àpò àti fífi ṣíbí gbé ọsàn wẹ́wẹ́ ti wà. Tojoojúmọ́ yìí yàtọ̀.

Ẹ wò ó, Tísà. Lọ́dún kan, mo jókòó sábẹ́ igi, mo mú ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì tí wọ́n ń kọ́ ní P.E., mo sì ń fi aago ka iye ìṣẹ́jú tó fi mira. Péríòdù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Títò: ìṣẹ́jú márùn-ún. Àlàyé: mẹ́fà. Dídúró de ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà: n ò lè kà á tán. Gbogbo ìgbà tí ọmọ yẹn fi sáré tàbí tó fò, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin. Olùkọ́ náà sì ti làágùn jìnnà! Àwọn ọmọ ò làágùn. Ẹ fi aago ka ọmọ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tó máa ń dúró sábẹ́ máńgòrò ni kí ẹ mú.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ eré tó ń lé ọmọ síta. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ló ń kọ́kọ́ jáde, òun náà ló sì nílò eré jù. Bí okùn bá kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, lọ jù ú fún àwọn yòókù, kó o tún padà wọlé.

Ẹnìkan á fẹ́ sọ ẹkùn mẹ́ran. Eré wa ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹkùn kan àti ewúrẹ́ kan ló ń sáré, ọgọ́ta ọmọ á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á máa dá wọn lóhùn. Ẹ sọ agbo di mẹ́rin, kí ẹkùn méjì àti ewúrẹ́ mẹ́ta wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pààrọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bojúbojú ní tirẹ̀, ẹ yẹra fún un pẹ̀lú èrò tó pọ̀ tó báyìí. Ọmọ kan sá pamọ́ sẹ́yìn táǹkì omi wa lọ́jọ́ kan, oorun sì gbé e lọ. Aago méjì kọjá ká tó rí i. Ìyá rẹ̀ ò tíì dárí jì mí.

Tẹ́ǹ-tẹ́ǹ ni mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú. Àtẹ́wọ́, fífò, ẹsẹ̀ síwájú. Ẹ fi dandan sí i kí àwọn ọmọkùnrin náà ṣe é. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ ó rí àwọn agbábọ́ọ̀lù yín tí wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ní ti pínáfọ̀, ẹ fi í sínú lẹ́tà tí Ìyá Àánú sọ: ṣòkòtò péńpé lábẹ́ aṣọ, èyíkéyìí tó bá wà nílé. Àwọn tó ń lo híjáàbù, kí wọ́n ki etí rẹ̀ bọ ọrùn aṣọ, kó má baà kọ́ okùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi ìṣirò gba àkókò yẹn nítorí kọ́mọ̀n ẹńtíráǹsì, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín dá a lóhùn. Láti ìgbà tí NERDC, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ìwé ẹ̀kọ́, ti kó P.H.E. (P.E. pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìlera) pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì àti kọ̀ǹpútà nínú ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tún ṣe ní 2012 ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti ń ṣe é lórí pátákó nìkan. Ọmọ á kọ “fífò gígùn” sínú ìwé, kò ní fò ó rí.

Tísà Kíláàsì Kẹta (8:20 alẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù: àwọn tí wọn kì í jẹun wá. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn nílé-ìwé, aago mẹ́wàá kọjá ló máa ń dé.

Nọ́ọ̀sì Tó Ń Kọjá Lọ (8:41 alẹ́)

Ẹ má fi agbára lé ọmọ tí ebi ń pa. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tí kò le: kó mú aago, kó ka iye, kó ju okùn. Ẹ wá àmì tí ẹ̀yin àti wọn nìkan mọ̀, kó má di pé ó ń fi ẹnu sọ ọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá lè sún eré sẹ́yìn oúnjẹ, kí oúnjẹ náà kọ́kọ́ rọlẹ̀ fún bíi wákàtí kan.

Ìyá Ìbejì Agége (8:55 alẹ́)

Mo ṣì wà lórí ijó mi o. Ẹni tó bá rò pé ijó kì í ṣe iṣẹ́, kó jó bàtá fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó wá kọ ọ́ síbí. Fóònù ò sí? Agolo àti igi ńkọ́?

Tísà Orí Àjà (9:01 alẹ́)

Ìyá Ìbejì jàre lórí eléyìí.

Tísà Kíláàsì Kẹta (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Ẹtì, 5:10 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Fèrè gba ọjọ́ márùn-ún, kì í ṣe mẹ́ta. Igun mẹ́rin ò bọ́ sí i fún mi: bí wọ́n bá ń sún láti igun kan sí òmíràn, wọ́n á já ara wọn gbà, ìṣẹ́jú á lọ. Mo wá sọ ọ́ di igun kan fún ilé kan lójúmọ́, ọ̀la wọ́n á bọ́ sí òmíràn. Ó ti rọlẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọkùnrin tó ń fi sùwè ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ṣubú jù lórí rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ti Ìyá Ìbejì: agolo mẹ́ta, igi, gbogbo kíláàsì. Tísà kíláàsì kẹrin ti kó tirẹ̀ wá bá wa lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹkùn méjì ò dára. Ẹkùn kọlu ẹkùn, eyín ọmọ kan mì. Ó ti ń mì tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo ti dá a padà sí ẹkùn kan, ewúrẹ́ mẹ́ta.

Mo fi aago ka ọmọ abẹ́ máńgòrò. Ìṣẹ́jú méjì lọ́sẹ̀ kìíní. Mọ́kànlá lánàá.

Ọmọ tó ṣubú yẹn, òun ló ń mú aago lọ́jọ́ tí kò bá jẹun. Bí wọ́n bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí kò jẹun á fi àtàǹpàkò kan ọwọ́ mi. Mo rò pé ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni yóò jẹ́. Mọ́kànlá ni ní Ọjọ́ Ajé. Mo mú nọ́ńbà yẹn lọ bá ọ̀gá, ó sì gbà kí kíláàsì mi máa jáde lẹ́yìn oúnjẹ ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Ọjọ́ mẹ́ta yòókù, àárọ̀ náà ni. Oòrùn sì máa ń mú ní aago mọ́kànlá àbọ̀, abẹ́ máńgòrò la ti ń ṣe é, a ò sáré níbẹ̀.

Bàbá Fèrè, fèrè mi ti sọnù láti àná. Mo ń fura sí ẹnìkan nínú ilé pupa.

Bàbá Fèrè (5:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ so ó mọ́ ọrùn. Mo ní méjì nílé tí n kò lò mọ́. Ẹ fi ibi tí mo lè fi wọ́n ránṣẹ́ sí sínú àpótí ìkọ̀kọ̀ mi. Ẹni tó mú un, ẹ má jẹ́ kó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ o, àwọn ọmọ ìsinsìnyí á tún bá mi jà. Ẹ fi ṣe olórí ilé pupa, kí ẹ wò ó bí kò ní mú un jáde.